Ìtọ̀ bàbá wa ń ta wọ́n, síkáànì ti rí òkúta nínú àpò ìtọ̀: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

ỌmọÒròkí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá síwájú yín. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni wọ́n ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ìtọ̀ ti ń ta wọ́n. Wọ́n á lọ tọ̀, díẹ̀ ló máa jáde, kò ní pẹ́ tí á tún fi máa gbọ̀n wọ́n. Lóru, ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lọ́nà ilé ìtọ̀. Nígbà mìíràn ìtọ̀ náà á máa ṣàn bọ̀, á kàn dá dúró lójijì láìtán, àfi tí wọ́n bá yí ara padà kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

A ti ra oògùn ní kẹ́míìsì, wọ́n ti gba abẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ń lò ó lọ́wọ́, ara á tù wọ́n. Tí oògùn bá ti tán, kì í pẹ́ tó fi ń padà dé. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ wá hàn nínú ìtọ̀, ẹ̀rù bà wá, a lọ ṣe síkáànì. Wọ́n ní òkúta wà nínú àpò ìtọ̀ wọn, pròsítéètì wọn (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká) náà sì ti tóbi. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Bàbá ò gbà. Wọ́n ní òkúta kò dun àwọn, pé ìtọ̀ gbígbóná yìí nìkan ni kí a bá àwọn wá oògùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè kọ́kọ́ pa kòkòrò tó ń fa ìtọ̀ gbígbóná yìí, ká fi òkúta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Àbí ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì?

Nọ́ọ̀sìÀṣálẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ọkùnrin ni mo ti ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí ẹ lè fi bá bàbá sọ̀rọ̀.

Lára àgbàlagbà ọkùnrin, ìtọ̀ tí kì í jáde tán ló sábà máa ń bí òkúta àpò ìtọ̀. Pròsítéètì tó tóbi ti fún ẹnu ọ̀nà pọ̀, ìtọ̀ ń ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ àpò lójoojúmọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí á fi di òkúta. Ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn náà ni kòkòrò fẹ́ràn. Ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ń dà dànù tán, ìtọ̀ ń ṣan kòkòrò jáde kí wọ́n tó ráyè pọ̀. Ti ẹni tí ìtọ̀ ń kù sí nínú kò rí bẹ́ẹ̀.

Òkúta fúnra rẹ̀ wá dá kún un. Ara òkúta kì í dán, ó ní ihò, ó ní kọ̀rọ̀. Kòkòrò á wọ inú ihò yẹn, wọ́n á tún fi ohun yíyọ̀ kan bo ara wọn. Oògùn tí bàbá ń gbé mì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀, ó ń pa èyí tó bá wà nínú ìtọ̀, ara á sì tù wọ́n. Ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú òkúta. Tí oògùn bá ti tán, àwọn yẹn á tún jáde. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́. Òkúta yẹn ni ògiri tó lanu, a sì ń lé aláǹgbá láti ọjọ́ yìí láì dí ògiri.

Àwọn kòkòrò kan tún wà tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń kọ́ òkúta. Proteus mirabilis ni ọ̀gá wọn, Klebsiella àti Pseudomonas náà lè ṣe é. Wọ́n ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní yúríèsì, òun ló ń fọ́ yúríà inú ìtọ̀ di amóníà. Amóníà yìí ló ń mú kí irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa rùn gan-an. Ásíìdì inú ìtọ̀ á dín kù, pH tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì rẹ̀ á gòkè kọjá 7, magnésíọ̀mù, amóníà àti fọ́sífétì á wá so pọ̀ di òkúta tí wọ́n ń pè ní sítrúfáìtì. Òkúta yìí kì í pẹ́ dàgbà rárá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ tó fún un láti tóbi. E. coli ló wọ́pọ̀ jù nínú àìsàn ìtọ̀ lápapọ̀. Òun kì í sábà kọ́ òkúta, àmọ́ tó bá bá òkúta nílẹ̀, á gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, oògùn nìkan á máa dín in kù ni, kò ní tán an. Oògùn ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ó yẹ kí bàbá lò ó tí ìtọ̀ bá ń ta wọ́n tàbí tí ibà bá dé, ó sì pọn dandan kí wọ́n lò ó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, torí pé fífọ́ òkúta tó kún fún kòkòrò láì kọ́kọ́ lo oògùn lè dà kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀.

Bàbá ní òkúta ò dun àwọn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n bóyá ṣóńṣó nǹkan ọkùnrin wọn ń dùn wọ́n tí wọ́n bá tọ̀ tán, àti bóyá ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn wọ́n tí ọ̀kadà bá gbé wọn gba ọ̀nà gbágungbàgun. Ìtọ̀ tó ń dá dúró lójijì tí ẹ sọ yẹn, òkúta ló ń yí wá dí ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń dùn wọ́n, wọn ò kàn mọ̀ pé òun ni.

Ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí: ibà pẹ̀lú òtútù tó ń mú wọn gbọ̀n, ẹ̀yìn tàbí ìhà tó ń ro wọ́n, èébì tí kò dá, ìtọ̀ tó dí pátápátá tí ikùn sì wú, tàbí kí bàbá ṣàdédé máa sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n máa sùn jù. Ẹ gbé wọn lọ sí ìtọ́jú pàjáwìrì lóru yẹn. Lára àgbàlagbà, kòkòrò ìtọ̀ lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ láì mú ibà púpọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ tí kò já gaara lẹ́nu wọn lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń sọ pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, tí wọ́n ń fi oògùn ibà fa ọjọ́ gùn. Ó máa ń dùn mí gan-an.

LáàbùÌgbọ̀nà

Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ dé gbogbo ibi tó yẹ. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Kí bàbá tó tún gbé oògùn apakòkòrò kankan mì, ẹ ní kí wọ́n ṣe MCS ìtọ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí a fi ń mú kòkòrò inú ìtọ̀ hù. Bébà kékeré tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ wúlò, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ó ń fi sẹ́ẹ̀lì funfun hàn, ó ń sọ pH. Tí pH bá wà ní nǹkan bíi 8 léraléra, àwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Proteus. Ṣùgbọ́n bébà ò lè sọ orúkọ kòkòrò, kò sì lè sọ oògùn tó máa pa á. MCS ló ń sọ méjèèjì. Ó máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, torí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí kòkòrò hù nínú àwo, ká tó wá gbé oògùn kọ̀ọ̀kan tì í. Ẹ má gba ìwé MCS tí wọ́n bá ní ó jáde láàárín wákàtí kan. Kòkòrò kì í hù kíá bẹ́ẹ̀.

Gbígba ìtọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ike tí láàbù fún yín ni kí ẹ lò, ẹ má fi ike ilé ṣe é. Kí bàbá fọ ibẹ̀, kí wọ́n tọ ti àkọ́kọ́ dà nù, kí wọ́n gba ti àárín, kí wọ́n sì tọ ìyókù dà nù. Kí ó dé láàbù láàárín wákàtí méjì. Tí ọ̀nà bá jìn tàbí súnkẹrẹ ọkọ̀ bá mú yín ní Ọláìyá, ẹ gbé e sínú ohun tó tutù, torí kòkòrò á máa pọ̀ sí i nínú ike, á sì ṣì wá lọ́nà. Tí bàbá bá ti ń lo oògùn kan lọ́wọ́, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, ẹ má fi pa mọ́.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ ló ń mú ìwé wá pé wọ́n ní sítáfù, wọ́n á sì ti lo abẹ́rẹ́ títí. Staphylococcus wà lára awọ wa. Tí a kò bá gba ìtọ̀ dáadáa, ó lè ti ara awọ wọ inú ike. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo iye kòkòrò, sẹ́ẹ̀lì funfun, àti ohun tó ń ṣe aláìsàn papọ̀ kó tó sọ pé ó nílò oògùn.

Ẹ sì bá mi sọ fún dókítà tó bá máa yọ ọ́ pé kí òkúta náà wá sí láàbù. Kòkòrò inú òkúta lè yàtọ̀ sí èyí tí a rí nínú ìtọ̀. Nígbà mìíràn ìtọ̀ á sọ pé kò sí nǹkan, òkúta á sì kún fún un.

BàbáAyétòrò

Ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ. Irú rẹ̀ gan-an ló ṣe mí. Ọ̀rọ̀ abẹ ló ń dẹ́rù bà wọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà rò pé wọ́n máa la ikùn mi ni.

Dókítà wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà, wọ́n á fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́, wọ́n á fi omi ṣàn án jáde. Wọ́n lè lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ikùn, kí wọ́n gba ibẹ̀ fọ́ ọ. Tí òkúta bá tóbi jù tàbí tó bá pọ̀, wọ́n á la ibẹ̀ kí wọ́n gbé e jáde lódindi. Ti bàbá rẹ, ìwọ̀n òkúta àti ohun èlò tó wà ní ilé ìwòsàn ló máa sọ ọ́.

Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ni wọ́n gbà ṣe tèmi. Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ara kú, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n tún ha pròsítéètì lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n ní tí àwọn bá fi ohun tó ń dá ìtọ̀ dúró sílẹ̀, òkúta mìíràn á tún wá. Rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde wà lára mi fún ìgbà díẹ̀, ìtọ̀ pupa, ó sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà tí mo tọ̀, ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti tọ̀ tó ṣàn gbọọrọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Kí n sọ èyí fún àwọn ìyàwó tó ń kà á. Kí wọ́n tó rí òkúta, ilé mi gbóná, torí ẹni tí ìtọ̀ ń ta, àtọ̀sí ni gbogbo èèyàn ń rò pé ó kó. Ẹ jẹ́ kí ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìtọ̀ gbígbóná lára àgbàlagbà ọkùnrin kì í sábà wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kankan.

ewé_ńjẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ò ní gbìyànjú agbo kọ́kọ́? Wọ́n ń ta èyí tó wà fún ìtọ̀ ní Ọjà Ọba, àwọn tó ń mu ún ń jẹ́rìí sí i. Osàn wẹ́wẹ́ náà, wọ́n ní ó ń yọ́ òkúta. Iṣẹ́ abẹ ló yẹ kó kẹ́yìn.

Apòògùn_ÒgoOlúwa

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìyá mi náà mọ ewé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ewu wà.

Agbo tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀ lè mú ara fúyẹ́ díẹ̀, torí ó ń ṣan kòkòrò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n òkúta tó ti tó èyí tí síkáànì ń rí nínú àpò ìtọ̀ àgbàlagbà, mi ò tíì rí agbo tó yọ́ ọ. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni káún. Káún pọ̀ nínú agbo. Ó ń mú ásíìdì inú ìtọ̀ kúrò, ohun tí Proteus ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní òkúta sítrúfáìtì tó ń mu agbo oníkáún, ó ń bá kòkòrò kọ́lé ni. Ó tún ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Èyí tí wọ́n bá fi ògógóró rẹ, ó tún léwu fún ẹni tó ń lo oògùn mìíràn.

Osàn wẹ́wẹ́ dára fún ara, ẹ fún bàbá mu nínú omi tí wọ́n bá fẹ́. Kò lè yọ́ òkúta yìí. Òkúta kan wà tí oògùn lè yọ́, èyí tó wá láti ara yúríìkì ásíìdì. Ẹ́síréè kì í sábà rí irú yẹn, síkáànì ló ń rí i. Oògùn tó ń dín ásíìdì ìtọ̀ kù ni dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀. Tí a bá fún ẹni tó ní sítrúfáìtì ní oògùn yẹn, a ti mú tirẹ̀ burú sí i. Ẹ ti rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ irú òkúta kí a tó máa rò ó lóògùn.

Nípa oògùn apakòkòrò, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí MCS sọ ọ́. Nitrofurantoin tí wọ́n máa ń kọ fún ìtọ̀ kì í pa Proteus rárá, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa Pseudomonas. Èèyàn lè mu ún pé, kó sì máa yà á lẹ́nu pé kò ṣiṣẹ́. Ciprofloxacin, tí bàbá bá ń lò ó, kí wọ́n má fi mílíìkì gbé e mì, kí wọ́n má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron), zinc tàbí oògùn inú kíkan, torí wọ́n á dì mọ́ ọn nínú ikùn, kò ní wọ ara. Tí iṣan gìgísẹ̀ bá ń dùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń lò ó, kí wọ́n dáwọ́ dúró kí wọ́n sọ fún dókítà. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún níbi kẹ́míìsì, kíndìnrín àti etí ló ń bá jà tí wọ́n bá ń gún un lemọ́lemọ́ láìsí àyẹ̀wò.

Ó ku kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Tí ọ̀fìnkìn bá mú bàbá, ẹ má kàn ra oògùn ọ̀fìnkìn fún wọn. Èyí tó ń la imú tó dí àti èyí tó ń mú èèyàn sùn lè mú kí ìtọ̀ dí pátápátá lára ẹni tí pròsítéètì rẹ̀ tóbi. Ẹ béèrè kọ́kọ́.

ewé_ńjẹ́

Ọ̀rọ̀ káún yẹn yé mi. Ẹ ṣé.

ÌyáÀìná

Ẹ kú àdúrà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Àbúrò mi ni, ọkọ̀ gbá a, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, rọ́bà ló ń fi tọ̀ títí di òní. Ìtọ̀ rẹ̀ máa ń rú, kì í mọ́, rọ́bà náà máa ń dí, ohun funfun líle á bo orí rẹ̀. Wọ́n ti rí òkúta lára òun náà. Ṣé gbogbo ìgbà tí ìtọ̀ bá ti rú ni ká máa ra oògùn?

Nọ́ọ̀sìÀṣálẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá Àìná. Iṣẹ́ ńlá lẹ ń ṣe.

Rárá, ẹ má rà á nítorí pé ìtọ̀ rú tàbí pé ó ń rùn nìkan. Ẹni tó bá ń lo rọ́bà pẹ́, kòkòrò máa wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣe é kó má wà. Tí ẹ bá ń fún un lóògùn nígbà gbogbo, èyí tó lágbára nínú kòkòrò nìkan ló máa ṣẹ́ kù, ọjọ́ tí ibà bá wá dé, oògùn ò ní ran an. Ẹ wo ara rẹ̀: tí ibà bá dé, tó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń ta pìpì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ara rẹ̀ bá ṣàdédé wó, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ. Ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ga, tí orí bá ṣàdédé ń fọ́ ọ gan-an, tó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ yẹ rọ́bà wò kíákíá bóyá ó dí, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè gòkè débi tó léwu.

Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe MCS, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ìtọ̀ inú àpò tó ń sorọ̀ lẹ́bàá ibùsùn. Tí rọ́bà náà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gba ìtọ̀ láti inú tuntun.

Ohun funfun tó ń bo rọ́bà, iṣẹ́ Proteus ló sábà máa ń jẹ́. Tí wọ́n ò bá yọ òkúta inú rẹ̀, rọ́bà tuntun á tún dí kíákíá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yíyọ òkúta kan òun náà. Kí àpò tí rọ́bà ń da ìtọ̀ sí máa wà nísàlẹ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ, kó má fara kan ilẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dà á fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè máa fi rọ́bà tọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó sì máa yọ ọ́, dípò kó máa wà lára rẹ̀ títí. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, èyí máa ń dára jù fún ọ̀pọ̀.

ỌmọẸ̀rìnlẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ki ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́. Nínú ẹ̀yin tó dàgbà sí etí odò, tàbí nítòsí adágún Ẹ̀rìnlẹ̀ àti Èkó-Ẹndẹ, ẹ má gbàgbé àtọ̀sí ajá. Àwọn olùwádìí ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní agbègbè náà, ó wà níbẹ̀. Inú omi tí ìgbín kékeré wà ni kòkòrò rẹ̀ ti ń gba ara èèyàn wọlé. Ẹyin rẹ̀ á máa dá egbò sí ara àpò ìtọ̀. Ara àpò tó ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn fún bakitéríà àti fún òkúta. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní ìparí ìtọ̀, ẹ má rò pé ó ti bàlágà. Oògùn praziquantel ló ń pa á, oògùn bakitéríà ò ràn án. Tí láàbù bá fẹ́ wá ẹyin rẹ̀, ìtọ̀ tí wọ́n gbà láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló dára jù.

Àgbàlagbà tó bá tọ ẹ̀jẹ̀, pàápàá láìsí ìrora, kí wọ́n wo inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_ÒkèFìà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ń sunkún tó bá fẹ́ tọ̀, á sì máa fa nǹkan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń nà án pé ìwà burúkú ni. Ṣé ó lè jẹ́ òkúta?

Nọ́ọ̀sìÀṣálẹ́

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Àmì òkúta àpò ìtọ̀ ọmọdékùnrin tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa nìyẹn, torí ìrora náà máa ń lọ sí ṣóńṣó. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ má nà án mọ́, kí wọ́n ṣe síkáànì àti MCS fún un lọ́sẹ̀ yìí.

ỌmọÒròkí

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo yín. MCS ti jáde: Proteus mirabilis ni, pH wà ní 8. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ BàbáAyétòrò fún bàbá, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ti gbà kí a lọ. Níbo la máa lọ, kí la sì máa mú dání? Ẹ tún sọ iye omi tó yẹ kí wọ́n máa mu.

BàbáAyétòrò

Alhamdulillah. Sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn wọn lọ́wọ́ dókítà, kódà ọ̀rọ̀ ìyàwó. Tí wọ́n bá ha pròsítéètì, omi ọkùnrin lè máa padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde. Kò léwu, agbára kì í sábà lọ. Ó dára kéèyàn mọ̀ ṣáájú.

Nọ́ọ̀sìÀṣálẹ́

Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ béèrè kíníìkì yúrólọ́jì (ti àìsàn ìtọ̀) ní UNIOSUN Teaching Hospital, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí LAUTECH tẹ́lẹ̀. OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, náà ní àwọn dókítà ìtọ̀. Tí bàbá bá wà lórí ìwé O'HIS, ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí orúkọ wọn wà kí wọ́n kọ ìwé fún yín, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí ètò náà máa san níbẹ̀.

Omi: kí ìtọ̀ tí wọ́n ń tọ̀ lójúmọ́ tó bíi lítà méjì. Èyí máa ń gba bíi omi ọ̀rá márùn-ún sí mẹ́fà, pẹ̀lú oòrùn ilẹ̀ wa yìí. Kí wọ́n mu púpọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán kí oorun lè ṣeé sùn. Tí wọ́n bá ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, tàbí tí ẹsẹ̀ wọn bá ń wú, dókítà ni kó sọ iye. Tí ìtọ̀ bá sì dí, ẹ má fi omi tì í. Ilé ìwòsàn ni.

Ẹ mú ìwé síkáànì dání, ìwé MCS, àti gbogbo páálí oògùn àti agbo tí wọ́n ti lò, kódà èyí tó ti tán. Ẹ bi dókítà iye ìtọ̀ tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí bàbá bá tọ̀ tán, ẹ bi í bóyá wọ́n máa ṣe pròsítéètì pẹ̀lú òkúta. Tó bá jẹ́ pé ní ìgbà èwe wọn, wọ́n kó àtọ̀sí tí kò tètè sàn, kí wọ́n sọ ọ́, torí ó lè ti fún ojú ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, dókítà á sì ní láti wo ibẹ̀. Bàbá lè má fẹ́ sọ ọ́ lójú yín. Ẹ fún wọn láyè pẹ̀lú dókítà.

Kí wọ́n tún ṣe MCS bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ti ń sún mọ́lé, kí oògùn tí wọ́n máa fún wọn lè bá kòkòrò ìgbà yẹn mu. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún ṣe é, wọ́n á sì tún ya síkáànì, torí ẹ̀rún òkúta kan tó bá ṣẹ́ kù lè tún dàgbà. Tí wọ́n bá ní àtọ̀gbẹ, kí ṣúgà wọn ti balẹ̀ ṣáájú. Tí wọ́n bá sì ń lo aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí dókítà gbọ́ ọ kí wọ́n tó fún yín lọ́jọ́. Ẹ má fúnra yín dá a dúró.